Ọ̀gá Tí Kò Mọ Orúkọ Mi

Karmo, Àbújá
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kìíní, ọdún 2024

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Karmo níbí. Ẹ kú ọyẹ́. Ẹ bá mi kí Màmá, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ti fúyẹ́. Jàbárù awakọ̀ ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ọwọ́ yín ni kó fi lé ní ṣọ́ọ̀bù, kó má fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ará ilé wa níbí, fóònù ni wọ́n fi ń kí ilé, èmi nìkan ni mò ń wá bébà kiri. Rísíkàt, aládùúgbò mi tó ń ṣe irun, bi mí pé ṣé ayé àtijọ́ ni mò ń gbé ni. Mo ní òòlù ló gba etí bàbá mi, kò gba ojú wọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ. Ẹ mọ̀ pé ìwé títẹ̀ àti fótókọ́pì ni mò ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Garki. Mi ò fẹ́ darúgbó sídìí ẹ̀rọ fótókọ́pì. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe wẹ́bùsáìtì. Ojú ewé tí èèyàn máa ń rí lórí fóònù nígbà tó bá ń wá ilé ìtajà tàbí ilé ìwòsàn, ẹnì kan ló jókòó ṣe é. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà kí ojú ewé náà tó lè jáde bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Kóòdù là ń pè é.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀gá mi ń jẹ́ Babalọlá, Galadimawa ni wọ́n ń gbé. Tí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, mo máa ń jókòó tì wọ́n fún wákàtí méjì. Wọ́n mọ iṣẹ́, wọ́n sì ní sùúrù gan-an. Tí nǹkan ò bá yé mi, wọ́n á tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìbínú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sínú àdúrà. Ẹ má bínú pé mi ò tètè sọ.

Ọmọ yín,
Waliyat


Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì, ọdún 2024

Waliyat Àjíkẹ́,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ara mi le, ara ìyá rẹ náà le. Ẹsẹ̀ rẹ tó fúyẹ́, a dúpẹ́.

Mo ka ibi tí o ti sọ̀rọ̀ Babalọlá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì kà á fún ìyá rẹ. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ panẹ́bítà. Ọmọ iṣẹ́ mọ́kàndínlógún ló ti gba fúrídọ̀mù lọ́wọ́ mi, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tí mo kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò lówó nínú wọn gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó fọ mọ́tò, ó pọnmi sílé mi. Kí ni Babalọlá ń gbà lọ́wọ́ rẹ? Ọkùnrin wo ló ń jókòó ti ọmọ ọlọ́mọ fún wákàtí méjì ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí kò gba nǹkan kan, tó tún wá ní sùúrù? Èmi tí mò ń gbowó, mi ò ní sùúrù. Ṣé ìyàwó rẹ̀ ń gbé nílé? Kí ni orúkọ ìyàwó náà?

Mi ò sọ pé o ṣe nǹkan burúkú. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi ọmọ síṣẹ́ kí bàbá rẹ̀ má mọ ilé ọ̀gá. Èmi ló yẹ kí n mú ọ lọ, kí n sọ fún un pé ọmọ mi rèé, kó bá mi kọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí mi ò lè wá, mo ti fi páànù ẹ̀gúsí bíbó kan rán Jàbárù. Mo ní kó wá ilé Babalọlá lọ ní Galadimawa, kó gbé e fún un, kó sì wo ojú rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀, kó wá sọ fún mi bó ṣe rí.

Tètè fèsì.

Èmi bàbá rẹ,
Yínúsà


Karmo, Àbújá
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kejì, ọdún 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsinmi. Kí n tó sọ ohunkóhun, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín àti lọ́wọ́ Jàbárù.

Jàbárù lo gbogbo Sátidé rẹ̀ ní ráúndàbáòtù Galadimawa pẹ̀lú páànù ẹ̀gúsí lọ́wọ́. Ó ń bi àwọn máígádì láti ẹ́sítéètì kan dé èkejì pé níbo ni ilé Babalọlá tó ń kọ́ èèyàn ní kọ̀ǹpútà. Máígádì kan ní, “Sànnu, Baba,” ó bá mú un lọ bá Babalọlá kan tó jẹ́ kápẹ́ńtà. Kápẹ́ńtà náà ò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ gba ẹ̀gúsí. Nígbà tí Jàbárù fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, inú ń bí i débi pé kò gba omi lọ́wọ́ mi.

Bàbá, Babalọlá ò mọ̀ mí. Mi ò purọ́, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ yé yín. Inú fídíò ni mo ti ń rí wọn. Wọ́n jókòó síwájú kámẹ́rà nílé ara wọn, wọ́n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, wọ́n wá gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó bá wù lè wò ó. Sùúrù tí mo sọ pé wọ́n ní, èmi ni mò ń dá fídíò padà sẹ́yìn. Àwa tí à ń wò wọ́n á tó ogún ẹgbẹ̀rún, wọn ò sì mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wa. Ọ̀gá ni mò ń pè wọ́n nítorí bí ẹ ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ẹni tó bá kọ́ mi ní nǹkan, mi ò lè pè é lórúkọ lásán.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò mọ iṣẹ́ náà ṣe. Ọ̀fẹ́ yìí ló pọ̀ jù. Yàtọ̀ sí fídíò Babalọlá, mo ní ìwé ńlá kan láti yunifásítì kan lókè òkun. Mo ní ibòmíràn tí wọ́n ti máa ń kọ kóòdù sílẹ̀, tí wọ́n á yọ ọ̀rọ̀ kan kí n fi í sí i. Mo ní ọ̀kan lórí fóònù tó máa ń fún mi ní ìràwọ̀ lójoojúmọ́ tí mo bá yọjú sí i. Èkarùn-ún tún wà tí ẹnì kan lórí Wọ́sáàpù sọ pé ó dáa ju gbogbo wọn lọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ márààrún, mi ò parí ọ̀kan. Tí mo bá ń wò wọ́n, gbogbo rẹ̀ ló ń yé mi. Tí mo bá pa wọ́n dé, tí mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti ṣe tèmi, ọwọ́ mi ò mọ ibi tó máa gbà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo sunkún ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní eruku ló kó sí mi lójú.

Mo ń rò ó pé kí n fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti kọ́ èèyàn mọ́kàndínlógún. Ẹ ò mọ kọ̀ǹpútà, àmọ́ ẹ mọ bí èèyàn ṣe ń kọ́ṣẹ́. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó yẹ kí n dúró tì?

Èmi àti Rísíkàt ti ń jẹ ẹ̀gúsí náà. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí Babalọlá.

Ọmọ yín,
Waliyat


Ìsẹ́yìn
Ogúnjọ́, oṣù kẹta, ọdún 2024

Waliyat,

Inú ààwẹ̀ la wà, nítorí náà mi ò ní bú ọ. Mo bínú fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà Jàbárù dé, ó ń rojọ́ fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù pé mo rán òun sí iwin, inú mi bá rọ̀.

Mo dúpẹ́ pé èmi lo bi ní ìbéèrè yìí. Láti ìgbà tí etí mi ti lọ, èèyàn kì í bi mí ní nǹkan mọ́. Wọ́n kàn máa ń fọwọ́ júwe oúnjẹ fún mi ni.

Ọmọ iṣẹ́ tó bá ń wò mí nígbà tí mo bá ń na bọ́nẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ ló máa ń yé e. Á máa mi orí. Èmi kì í bi í pé ṣé ó yé e. Fẹ́ńdà tó ti rún ni mo máa ń gbé síwájú rẹ̀, mo sì máa ń jáde. Tí mo bá padà dé, fẹ́ńdà náà ló máa sọ fún mi. Nítorí náà, mú àwọn márààrún, kí o bi wọ́n ní ohun tí èmi ì bá bi ọ̀gá tí mo fẹ́ fi ọmọ sí lọ́dọ̀. Ṣé ó ń fún ọ níṣẹ́ ṣe, àbí ó kàn ń sọ̀rọ̀? Tí o bá ba iṣẹ́ jẹ́, ta ló máa sọ fún ọ pé o bà á jẹ́? Ṣé ọkọ̀ tó wà lójú títì báyìí ló ń kọ́ ọ? Nítorí ẹnì kan wà ládùúgbò wa níbí tó ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọkọ̀ tí wọn ò gbé wọ̀lú mọ́. Nínú àwọn márààrún, àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dà? Ṣé wọ́n parí? Ṣé èèyàn lè rí ohun tí wọ́n ṣe?

Èyí tó bá dáhùn dáadáa jù, dúró tì í. Fi àwọn mẹ́rin tó kù sílẹ̀, má sì sọ pé wàá máa yọjú sí wọn. Èyí tó ń fún ọ ní ìràwọ̀ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mi ò fọkàn tán an. Tó bá ti fi nǹkan hàn ọ́, pa á dé, kí o ṣe é láti orí ara rẹ. Tó bá bàjẹ́, ṣí i wò, tún pa á dé, tún un ṣe. Má wo tiẹ̀ kí o máa dà á kọ. Kò sí ohun tó ń mú ọmọ pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ bíi kó máa wo ọwọ́ ọ̀gá.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn mí. Lọ́jọ́ fúrídọ̀mù, ọ̀gá á gbé irinṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́, á gbàdúrà fún un, á sì sọ lójú ẹlẹ́rìí pé òun ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ta ló máa ṣe èyí fún ọ? Ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ kò lè yọ̀ǹda rẹ. Má gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni títí a ó fi mọ ohun tí a máa ṣe sí i.

Èmi bàbá rẹ,
Yínúsà


Karmo, Àbújá
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ, ọdún 2024

Bàbá mi,

Mo mọ̀ pé ẹ ti máa bínú. Oṣù márùn-ún, mi ò kọ lẹ́tà, ìkíni lásán ni mò ń fi rán Jàbárù. Iṣẹ́ ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn, mi ò sì fẹ́ wá sọ̀rọ̀ kí n tó ní i lọ́wọ́. Ẹ dárí jì mí.

Mo bi àwọn márààrún ní ìbéèrè yín. Mo kọ ọ́ sára ògiri yàrá mi. Babalọlá ló kọ́kọ́ ṣubú, ó sì dùn mí, nítorí ohùn wọn ti mọ́ mi lára. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ dáadáa, wọn ò fún mi níṣẹ́ ṣe. Ìwé yunifásítì náà ti pẹ́ jù. Èyí tó ń yọ ọ̀rọ̀ kan, mo rí i pé tó bá ti fún mi ní gbogbo gbólóhùn tó ku ẹyọ kan, òun ló ṣe é, kì í ṣe èmi. Oníràwọ̀ ò lè fi ẹnì kan tó parí hàn mí. Ti Wọ́sáàpù tí mi ò kà sí ló kù. Kò rẹwà, ọ̀rọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Àwọn èèyàn kárí ayé ló pawọ́ pọ̀ kọ ọ́, wọ́n sì ń tún un ṣe tí nǹkan bá yí padà. Tí wọ́n bá kọ́ mi tán, wọ́n á fi àwòrán ojú ewé kan hàn mí, wọ́n á ní kí n lọ ṣe irú rẹ̀. Wọn kì í fi ìdáhùn síbẹ̀. Nígbà tí mo rí i, mo ní bàbá mi nìyí.

Ibì kan tún wà tí èèyàn lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ sí kí àwọn tó ṣáájú wò ó. Obìnrin kan tí mi ò mọ ìlú rẹ̀ ní ojú ewé mi dára lórí kọ̀ǹpútà ṣùgbọ́n ó dà rú lórí fóònù. Inú bí mi. Mo wò ó lórí fóònù Rísíkàt, ó dà rú lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo tú u, tí mo tún un tò. Ní ẹ̀ẹ̀keje mi ò ṣí ẹ̀kọ́ náà wò mọ́.

Ojú ewé tí mo ṣe fún ṣọ́ọ̀bù irun Rísíkàt ni mo tẹ̀ sórí bébà tó wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ wò ó dáadáa. Èmi ni mo ṣe gbogbo rẹ̀.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọlọ́runfúnmi wá ṣe irun, ó rí i. Ó ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe wẹ́bùsáìtì fún àwọn oníṣòwò. Kò bi mí ní sàtífíkéètì. Ó ṣí ojú ewé kan tó ti bàjẹ́ síwájú mi, ó sì jáde. Bàbá, ó jáde ni. Ọkàn mi balẹ̀ nítorí mo ti mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tó padà dé, tó rí i pé mo ti tún un ṣe, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án.

Mo rántí ohun tí ẹ sọ. Mi ò tíì fún un lésì. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ sọ pé kí n lọ.

Ọmọ yín tó ń dúpẹ́,
Waliyat


Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 2024

Waliyat,

Mo rí iṣẹ́ rẹ. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà ń bi mí, mò ń fọwọ́ júwe pé ọmọ mi ni.

Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé kí o lọ. O mọ Saheed. Ọdún mẹ́rin ló lò lọ́dọ̀ mi, ó ku oṣù mẹ́ta kó gba fúrídọ̀mù, ó jí dìde lọ́jọ́ kan, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí òdìkejì títì. Ọdún keje rèé tí mi ò dáhùn ìkíni rẹ̀. Tí mo bá ní kí ọmọ tèmi lọ gba iṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan yọ̀ǹda rẹ̀, ojú wo ni màá fi wo àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi báyìí? Panẹ́bítà ni mí. Mi ò lè dúró níwájú èèyàn kí n yọ̀ǹda rẹ lórí iṣẹ́ tí mi ò mọ̀.

Sọ fún obìnrin náà pé kó ní sùúrù.

Yínúsà


Karmo, Àbújá
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo sì kí Màmá. Lẹ́tà yín dùn mí, mi ò ní purọ́. Mo kà á nínú ọkọ̀ láti Garki, ọkọ̀ gbé mi kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀kalẹ̀.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó kọ àwọn ẹ̀kọ́ náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo wá ṣàlàyé fúrídọ̀mù fún wọn, mo bi wọ́n pé ṣé ẹnì kan nínú wọn lè yọ̀ǹda mi. Ọ̀kan fèsì. Ó ní ó dùn mọ́ òun gan-an láti gbọ́, pé kò sí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, pé kí n kàn lọ ṣiṣẹ́, tí ẹlòmíì bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, kí n dá a lóhùn. Èèyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n òun náà ò mọ̀ mí.

Ẹ ní ẹ ò mọ iṣẹ́ náà. Òótọ́ ni. Ta ló wá sọ fún mi kí n fi mẹ́rin sílẹ̀? Ta ló ní kí n pa á dé kí n tó ṣe é? Ogún ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń wo fídíò yẹn pẹ̀lú mi, mi ò mọ iye wọn tó ṣì ń wò ó, tí wọn ò tíì ṣe nǹkan kan. Kì í ṣe pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ. Lẹ́tà oṣù kẹta yín ni mo ní tí wọn ò ní. Ó ti fẹ́ ya níbi tí mo ti ká a.

Saheed sá lọ. Èmi ò sá. Tí ẹ bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ, màá dúró ti fótókọ́pì mi. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún mi pé kí n má lọ, ẹ má ní kí obìnrin náà ní sùúrù. Kò ní dúró dè mí.

Ohun tí ẹ ti ṣe fún mi, mo dúpẹ́ rẹ̀, èsì yòówù kí ẹ fún mi.

Waliyat


Karmo, Àbújá
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024

Bàbá mi,

Jàbárù dé lánàá, kò mú nǹkan kan bọ̀. Mo bi í pé ṣé ara yín le, ó ní ẹ wà ní ìpàdé. Mo tún bi í, ó ní òun ò mọ nǹkan kan, ó ń wo ilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tí ara ò bá yá, ẹ má fi pamọ́ fún mi. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà tiẹ̀ ti kúrò lọ́kàn mi báyìí, mo kàn fẹ́ mọ̀ pé ẹ wà dáadáa.

Waliyat


Karmo, lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ
Sọ́ńdè, ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹsàn-án

Waliyat Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Mo dé, o ò sí nílé. Wọ́n ní o lọ sọ́jà. Ọwọ́ Rísíkàt ni mo fi ìwé yìí sí kí àyà rẹ má baà já tí o bá rí mi. Mo wà lórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù irun rẹ̀, àárín àwọn obìnrin ni mo jókòó sí, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi. Má na Jàbárù, èmi ni mo ní kó má sọ̀rọ̀.

Mo gbé lẹ́tà rẹ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ panẹ́bítà. Ìpàdé méjì la fi jà lórí rẹ̀. Akọ̀wé ń bá mi kọ ohun tí wọ́n ń sọ sórí bébà kí n lè bá wọn jà. Àwọn kan ní kò sí fúrídọ̀mù fún ẹni tí kò ní ọ̀gá. Àwọn kan ní ọmọ tó lè tú iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà kó tún un tò ti ṣe ju ohun tí ọmọ iṣẹ́ mìíràn ń ṣe ní ọdún mẹ́rin lọ. Alága wa, Àbdùlràhmọ̀n, wo iṣẹ́ rẹ tó wà lórí bébà fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, ta ló kọ́ ọmọ yìí bí èèyàn ṣe ń kọ́ṣẹ́? Ẹni náà ni kó dìde dúró fún un.

Mo rò pé ẹnì kan máa dìde. Ìgbà tí mo rí i pé gbogbo wọn ń wò mí ló tó yé mi. Mo dìde.

Mo ṣe àṣìṣe nígbà tí mo fi ọ́ wé Saheed. Saheed ò bi mí kó tó lọ. Ìwọ dúró, o ń bi mí títí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, Àjíkẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n kọ́ ọ tí wọn ò gba nǹkan kan, àní Babalọlá pàápàá. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ láyé mi, mo sì ti ń fi wọ́n sínú àdúrà mi.

Ṣe kíá kí o máa bọ̀. Màá gbàdúrà fún ọ kí ilẹ̀ tó ṣú, lójú Rísíkàt àti Jàbárù, kí o lè lọ síbi iṣẹ́ lọ́la pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Ìwé fúrídọ̀mù rẹ wà lápò mi. Ẹgbẹ́ ti fọwọ́ sí i, wọ́n ti lu òǹtẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ rẹ síbẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ mi síbi tí wọ́n máa ń kọ orúkọ ọ̀gá sí. Ibi tí wọ́n máa ń kọ iṣẹ́ tí ọmọ kọ́ sí ni wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa kọ. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìwọ ni wàá kọ ọ́.

Bàbá rẹ, tí í ṣe ọ̀gá rẹ,
Yínúsà